Òfin Etí

Ẹ̀rọ tí a fi ń lu òkúta ló gba etí mi. Kò gbà á lọ́jọ́ kan. Ohùn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ, agogo ilé ìwé tẹ̀ lé e, nígbà tó yá n kò gbọ́ òkúta mọ́. Ẹni tó bá dojú kọ mí sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ díẹ̀, mo sì ń wo ètè rẹ̀ fún ìyókù. Òkúta kò ní ètè. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Saturnino Lupa lorúkọ mi. Tánńganran ni à ń wà lórí òkè wa. Ẹgbẹ́ wa ló ni òkè náà láti ìgbà tí ìjọba ti kó ẹrù wọn lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ihò. Ilé rẹ lè wó, ìyẹ̀fun rẹ lè tán, tí ojú iṣẹ́ rẹ bá ṣì wà, ẹnìkan ni ọ́.

A ní òfin kan. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á mú ọ̀pá irin, á fi kan òkúta tó wà lókè orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á sì tẹ́tí. Òkúta tó gbára mọ́ra á dún bí agogo. Èyí tó ti sán nínú á dún bí igbá. Ẹni tó gbọ́ agogo á ní, "Ó dì." Ẹni tó gbọ́ igbá á ní, "Ó ṣófo," á jáde, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ bi í léèrè. Ọkùnrin méjì lè dúró lábẹ́ òkúta kan náà, kí ọ̀kan ní ó dì, kí èkejì ní ó ṣófo. A kì í bá wọn parí rẹ̀. Etí kálukú, tirẹ̀ ni. A kì í sì í dán etí ẹlòmíràn wò. Ẹni tó bá dán an wò ti pe ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní òpùrọ́.

Tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú sínú òkè, ìyàwó rẹ̀ ló ni ojú iṣẹ́ rẹ̀. Àfi ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ṣófo, tó tún wọlé. Ìyẹn ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ojú iṣẹ́ rẹ̀ á padà sọ́wọ́ ẹgbẹ́, ìyàwó rẹ̀ á lọ máa ṣa òkúta lórí ààtàn pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù. Àwọn bàbá wa ló ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ojúkòkòrò má baà borí etí.

Mẹ́ta ni wá tí ojú iṣẹ́ wa wà pọ̀: èmi, Hilarión Cuti tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti Remberto Chambi, ọkọ Basilia ọmọ mi. Àyè tèmi àti ti Remberto fara kan ara wọn. Ìyá Basilia ti kú. Èmi àti àwọn ọmọ méjèèjì àti ọmọbìnrin wọn kékeré ni a jọ ń gbé nínú ọgbà kan náà.

Yàrá kan ṣẹ́ kù nínú ọgbà, a fi í háyà fún olùkọ́ kan, Abel Iriarte, ẹni tí wọ́n rán wá sí ilé ìwé gíga ìlú wa láti wá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ èrò, èyí tí wọ́n ń pè ní filọ́sọ́fì. Ara rẹ̀ kò gba òkè. Tó bá gùn ún dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ Sátidé, á jókòó kó tó lè sọ̀rọ̀. A máa ń jẹ ewé kóókà, tí kì í jẹ́ kí ebi àti àárẹ̀ mú wa, lẹ́nu ihò kí a tó wọlé, òun náà á fi díẹ̀ sẹ́nu.

Ó ti gbọ́ nípa òfin wa. Ó fẹ́ràn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ibí ti di ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́ ẹ tó mọ̀," ó ní. "Ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yìí lórúkọ nínú ìwé."

"Orúkọ wo?" Hilarión bi í.

"Subjetivismo."

"Háà!" Remberto ní. "Orúkọ yẹn gùn ju ihò wa lọ. Ẹ gé e kúrú fún wa, olùkọ́."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ata tí ìyàwó rẹ lọ̀ lánàá. Ó ta mí títí imú mi fi ń ṣomi. Ìwọ ní ata ò sí níbẹ̀. Ta ló tọ̀nà?"

"Èmi ni. Èmi ni mo fẹ́ ẹ."

Hilarión fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ewé mì.

"Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀," olùkọ́ ní. "Àwọn kan wà, wọ́n ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ tọ̀nà. Wọ́n ní òtítọ́ ò sí níta níbì kan tó ń dúró dè wá. Inú ẹni tó ń wò ló wà, inú ẹni tó ń gbọ́, ẹni tó ń tọ́ ọ wò. Àwọn mìíràn tiẹ̀ gbé e kọjá ata. Wọ́n ní rere àti búburú náà bẹ́ẹ̀ ló rí. Ohun tó dáa lójú ẹ ló dáa."

"Ìyàwó mi á fẹ́ràn àwọn yẹn," Hilarión ní.

Remberto kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó máa ń ro nǹkan ni. "Olùkọ́, tí mo bá ní òkúta ṣófo, tí Bàbá ní ó dì, èwo ni òkúta ọ̀hún?"

"Fún ẹ, ó ṣófo. Fún wọn, ó dì."

"Òkúta ọ̀hún ńkọ́? Fún ara ẹ̀?"

Olùkọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Wọ́n ní kò sí 'fún ara ẹ̀'."

"Ẹni kan á ní láti sọ fún òkúta o," Remberto ní. A dìde, a wọlé.

Èmi náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ olùkọ́, ju àwọn tó kù lọ. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń sọ "Ó dì" láì gbọ́ nǹkan kan. Mo máa ń wo òkúta, mo máa ń wo ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo máa ń rántí bó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀, màá sì sọ̀rọ̀. Mo ti sọ fún ara mi pé ìyẹn náà, gbígbọ́ ni. Ìwé olùkọ́ wá tì mí lẹ́yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí atẹ́gùn ń gbé iyanrìn. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú a ti bá ìṣàn tánńganran kan tó nípọn bí apá ọkùnrin, ènìyàn mẹ́ta ló sì gbà láti wà á. Mo kan òkúta. Mo ní, "Ó dì." Hilarión kàn án, ó ní, "Ó dì." Remberto kàn án. Ó tún kàn án. Ó sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ méjì, ó kan ibòmíràn. Ó yíjú sí mi, iná orí akoto rẹ̀ bà mí lójú.

"Bàbá, ó ṣófo."

Òfin ní kí n dákẹ́. Ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán, kò gbójú kúrò. Etí mi ló ń wò. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń ka nǹkan.

Mo ní, "Àbí ọbẹ̀ ọmọ mi ò yó ọ láàárọ̀ yìí ni, tó fi jẹ́ pé ikùn rẹ lò ń gbọ́ tó ò ń pè é ní òkúta?"

Hilarión bú sẹ́rìn-ín. Remberto náà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kì í jẹ́ kí bàbá ìyàwó rẹ̀ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ẹlòmíràn kó tún jáde lọ jókòó sínú oòrùn. Ó gbé ọ̀pá irin ti ògiri, ó wọlé.

Nígbà tí ọ̀sán kò tíì pọ́n, èmi àti Hilarión ti ọmọlanke irin jáde láti lọ da òkúta nù. A ti dé ibi tí ihò ti yà nígbà tí ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Hilarión ti yíjú padà kí n tó yíjú.

Ó di ọjọ́ kejì kí a tó gbé e jáde. N kò ní sọ bí a ṣe bá a.

Òfin ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ sọ ohun tó gbọ́ fún alága ẹgbẹ́. Hilarión sọ ọ́. Kò lè purọ́, kò sì mọ ohun tí ì bá fi òtítọ́ náà ṣe. Alága wa ni Don Gumercindo Ayca, tó ti di ẹ̀rọ mú ṣáájú gbogbo wa. Ó ránṣẹ́ sílé wa pé ìpàdé á wà lọ́jọ́ Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí a mọ̀ pé ojú iṣẹ́ Remberto á padà sọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ó fi àpò ìyẹ̀fun kan àti ẹsẹ̀ lámà kan, ẹran ọ̀sìn orí òkè wa, ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú.

Lọ́jọ́ kẹjọ a lọ fọ aṣọ òkú lódò, bí a ti í ṣe. Àwọn obìnrin yòókù ti lọ dáná tí a ó fi sun èyí tí a kò ní tọ́jú. Basilia kúnlẹ̀ sórí òkúta létí omi, ó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ Remberto. Mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀.

Ó yíjú sí mi. "Wọ́n ní ó sọ pé ó ṣófo."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó sì wọlé."

"Ó wọlé."

"Remberto? Remberto tó máa ń mi àkàbà wò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbẹ́sẹ̀ lé e?" Ó ń fún ṣẹ́ẹ̀tì náà, pupa ilẹ̀ ń jáde nínú rẹ̀. "Ìkókó mi ló ní láti máa jẹ́ orúkọ bàbá tó fọwọ́ ara ẹ̀ pa ara ẹ̀. Kí ni ẹ sọ fún un, Bàbá?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ nínú ihò, láì yọ nǹkan kan.

Kò sunkún. Ó yíjú padà sómi. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé fífọ̀ ló ń fọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó yíjú sí mi lójijì, ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí nǹkan.

"Kí ló dé?" mo ní.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bi yín. Mo ní, kí ni ẹ̀yin gbọ́?"



Ó dìde, omi ń ro lápá rẹ̀. Ó wá síwájú mi gan-an. "Bàbá. Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́rin."

Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà gbá àyà mi. Omi rẹ̀ tutù. "Remberto sọ fún mi," ó ní. "Lóṣù tó kọjá. Ó ní, 'Mo rò pé Bàbá ò gbọ́ràn mọ́.' Mo ní kó má sọ ìsọkúsọ nípa bàbá mi." Ó jókòó sílẹ̀. "Ẹ máa sọ ọ́ ní ìpàdé."

Kò fi ṣe ìbéèrè.

Olùkọ́ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi ní Sátidé. Ó dúró, ó ń fọwọ́ pa fìlà rẹ̀. "Don Saturnino, ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, ohun táwọn kan gbà gbọ́ ni. N ò ní bẹ́ẹ̀ ló rí."

"Mo mọ̀. A ti ní in kẹ́ ẹ tó dé. Orúkọ lẹ kàn fún un."

"Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ pé ó níbi tó mọ. Bí ata ṣe rí lẹ́nu yín, kò sẹ́ni tó lè bá yín jiyàn lé e lórí. Ibi tó mọ gan-an ni mi ò tíì rí kà kó tẹ́ mi lọ́rùn." Ó wo ilẹ̀. "Ó yẹ kí n sọ ìyẹn fún Remberto nígbà tó béèrè."

Mo sọ fún un pé kó lọ jẹun. Kò tíì jẹun láti àárọ̀, ó hàn lójú rẹ̀.

Àwa mẹ́tàdínlógójì ló wà ní ìpàdé. Àwọn obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Àga gbọọrọ kan wà lápá ọ̀tún tó dojú kọ gbogbo ènìyàn. Ó ti pẹ́ tí àwa àgbà mẹ́rin kan ti ń du àga náà ní gbogbo ìpàdé, a máa ń ní ẹ̀yìn ló ń dùn wá. Lọ́jọ́ náà ni mo tó wo àwọn mẹ́ta yòókù dáadáa. Ojú wọn kì í kúrò lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Gumercindo wà lára wọn.

Ó ka òfin. Ó ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ dìde.

Mo dìde. "Ọdún mẹ́rin ni mi ò ti gbọ́ òkúta. Lọ́jọ́ yẹn mo ní ó dì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Remberto gbọ́, ó sì sọ ọ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi wọlé. Èmi ni mo pa á, kì í ṣe òun. Ojú iṣẹ́ rẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀ ni."

Ariwo sọ. Mo rí gbogbo ẹnu tó ń là tó ń pa dé, n kò rí èyí tí màá wò nínú wọn. Gumercindo gbọ́wọ́ sókè.

"Saturnino, ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ. Ọmọ rẹ lò ń rò. Jókòó, arákùnrin."

"Ẹ dán mi wò." Mo kẹ̀yìn sí wọn. "Ẹ kan ohun tó bá wù yín lẹ́yìn mi."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, Hilarión ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní àwọn ènìyàn pariwo pé a kì í dán etí wò. Ẹnìkan ní ṣé ó kan ká máa la ẹnu ara wa wò bí ìbaaka ọjà ni. Ó ní bí wọ́n ṣe ń jiyàn, Basilia kọjá láàárín àwọn obìnrin, ó mú ọ̀pá irin tó wà létí ilẹ̀kùn, ó sì fi lu páànù omi tó wà nílẹ̀. Ó ní ìkókó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ní ajá sá jáde. Èmi ń wo ògiri.

Nígbà tí mo yíjú padà, gbogbo wọn ń wò mí. Páànù náà ti tẹ̀.

"Kí nìyẹn fi hàn?" Gumercindo ní. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó hàn lẹ́nu rẹ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ ká rò pé òun ò gbọ́, kó má ṣáà yíjú. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe é. Ta ló wà nínú etí Saturnino láti wò ó fún wa?"

"Èmi ni mo wà níbẹ̀. Mo sì ń sọ fún yín."

"Lónìí, o ní o ò gbọ́. Ọdún mẹ́rin lo fi sọ fún wa láràárọ̀ pé o gbọ́. Ẹnu kan náà ni. Èwo ni ká mú? Èyí tó o sọ nígbà tó ò tíì ní nǹkan tó ò ń wá ni mo mú."

Títí di òní, mo ṣì ń wá èsì ọ̀rọ̀ yẹn.

Hilarión dìde. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà tó kù kẹ̀yìn sí wa náà. Àwọn tó wà lórí àga yẹn. Kì í ṣe láti dán wọn wò. Kí wọ́n kàn kẹ̀yìn, ká jọ sọ̀rọ̀."

Kò sẹ́ni tó mira lórí àga náà. Ọ̀kan nínú wọn ń wo bàtà rẹ̀.

"Hilarión, o mu nǹkan wá síbí ni?" ẹnìkan ní láti ẹ̀yìn, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín.

A nawọ́. Ọwọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbè sẹ́yìn òfin, mọ́kànlá kò gbè é. Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì kà á sókè: Saturnino Lupa gbọ́ pé ó dì. Remberto Chambi gbọ́ pé ó ṣófo, ó sì wọlé. Mo wo Basilia lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbé ọmọ pọ̀n, ó fẹ́ máa lọ.

"Ẹ dúró," mo ní. "Ẹ ti kọ ọ́ pé mo gbọ́?"

"A ti kọ ọ́," alága ní.

"Ọmọ ẹgbẹ́ tí etí rẹ̀ pé ni mí?"

"Ìwọ ni. Ohun tí a ń sọ fún ọ látàárọ̀ nìyẹn."

"Òfin gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ tí etí rẹ̀ pé gbé ojú iṣẹ́ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Mo gbé tèmi fún Basilia. Ẹ kọ ọ́."

Tí Gumercindo bá ní n kò gbọ́, á ní láti dá ojú iṣẹ́ Remberto padà. Tó bá ní mo gbọ́, mo ti fún ọmọ mi ní tèmi. Ẹnìkan ní, "Obìnrin, nínú òkè?" Ẹlòmíràn ní àwọn opó ti ń wọ̀ ọ́ ní òdìkejì òkè tipẹ́, òkè náà ò sì tíì bú ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé kọ ọ́.

Basilia kò dúpẹ́. Nígbà tí a délé, ó bu ọbẹ̀ ànàmọ́ gbígbẹ fún mi, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó lọ jẹ tirẹ̀ nínú ilé ìdáná. Bí a ṣe ń jẹun láti ọjọ́ náà nìyẹn. Ó gba ojú iṣẹ́ mi. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó gun òkè pẹ̀lú Hilarión. Ó wọ akoto Remberto. Ó gbé abọ́ amọ̀ tútù kan dání. Èmi náà gun òkè, n kò ní nǹkan mìíràn láti ṣe. Mo jókòó sórí òkúta tó wà lẹ́nu ihò.

"Basilia, ìkòkò lo wá mọ ni?" ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ní.

"Mọ ọ́ kó tóbi o, kó gba oúnjẹ gbogbo wa!"

Ó wọlé. Hilarión sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé Basilia kan òkúta bí òfin ṣe wí, ó ní ó dì, Hilarión náà ní ó dì. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá gun àkàbà, ó ń fi ìka tọ gbogbo ibi tó sán lókè, ó sì ń lẹ amọ̀ mọ́ ọn níbi tí bèbè méjèèjì ibi tó sán náà ti pàdé, bí ẹni tó ń di ihò ìkòkò. Láràárọ̀ ló máa ń wò ó. Tí amọ̀ bá wà bó ṣe wà, òkúta kò rìn. Tó bá là, òkúta ti rìn.

Gumercindo àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì máa ń gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá lọ sí ojú iṣẹ́ tiwọn, tó wà níwájú. Lọ́jọ́ kẹta ó dúró, ó wo amọ̀ náà.

"Ọ̀pá ńkọ́?" ó bi í. "Kí ni etí rẹ wí?"

"Mo ti fi ọ̀pá kàn án, Don Gumercindo. Mi ò gbé e lé etí."

"Kí ló dé?"

"Etí ní bàbá ìyàwó. Amọ̀ ò ní."

Hilarión ní kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, amọ̀ là. Kì í ṣe ojú kan, ojú mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ lọ́nà kan náà. Hilarión kan òkúta, ó ní bí agogo ló ṣe dún sí òun létí, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo amọ̀. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jáde wá sínú oòrùn. Basilia kò jókòó. Nígbà tí Gumercindo àti àwọn tirẹ̀ dé, ó dúró sáàárín ọ̀nà.

"Ẹ má wọlé lónìí, bàbá. Ó ti rìn."

"Ta ló gbọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ó là lójú mi. Ẹ wá wò ó."

"Bàbá mi wọ inú òkè yìí pẹ̀lú etí rẹ̀," Gumercindo ní. "Èmi náà bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fi ẹrẹ̀ rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó mi. Kúrò lọ́nà, ọmọ mi."

Mo dìde. Mo lọ síwájú rẹ̀, mo dojú kọ ọ́ kó lè rí ẹnu mi. Mo ní, "Gumercindo. Ìwọ náà ò gbọ́."

Ó wò mí. A wo ara wa. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, mo rò pé á jókòó. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń retí ohun tó máa sọ.

"Etí tèmi kì í ṣe tìẹ," ó ní.

Ó wọlé. Ẹnìkan tẹ̀ lé e. Èkejì, Nicanor, dé abẹ́ amọ̀ náà, ó gbé iná sókè, ó wò ó, ó padà jáde. Ó ní alága ti kan òkúta, ó ti ní ó dì, wọ́n sì ti kọjá.

Wákàtí méjì lẹ́yìn náà, eruku jáde lẹ́nu ihò. Eruku ni mo rí, ilẹ̀ ni mo mọ̀ lẹ́sẹ̀. Basilia ló kọ́kọ́ mú ṣọ́bìrì.

A gbé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde láàyè ní ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò lè ṣe nǹkan mọ́. Gumercindo ti kú.

Ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé. Kò pẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ìyàn nínú, Nicanor ti jẹ́rìí sí i pé ó sọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé Gumercindo Ayca gbọ́ pé ó dì. Kò ṣẹ òfin kankan. Orúkọ rẹ̀ mọ́. Ojú iṣẹ́ rẹ̀ di ti ìyàwó rẹ̀, Doña Eulogia.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n sin ín, Doña Eulogia wá sí ọgbà wa. Ó wọ aṣọ dúdú, ó gbé abọ́ òfìfo kan dání. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó lọ bá Basilia nínú ilé ìdáná, ó ní kó wá fi ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ han òun.